Rírà Kọ́ Ni Iṣẹ́, Bíbọ́ Ni Iṣẹ́

Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó bá ẹgbẹ́ sọ níbi ayẹyẹ ọdún kẹwàá

Àwọn àgbà ní ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Àwa ti ṣe mẹ́wàá, a ò sì tíì túká. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Nígbà tí ẹ ní kí àwa ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó wá sọ̀rọ̀ lónìí, bóyá ẹ rò pé iye owó tó wọlé àti iye tó jáde la fẹ́ kà. Ìyẹn wà nínú ìwé ìṣirò tí akápò ti pín. Ọ̀rọ̀ jíìpù la fẹ́ sọ. A rí i pé àwọn kan ti ń rẹ́rìn-ín. Ẹ rín in dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ wa dé òpin, nítorí pé jíìpù ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ọmọ ẹgbẹ́ kan lọ́wọ́ wa.

Arákùnrin wa náà jókòó síbí lónìí. Òun fúnra rẹ̀ ló ní ká sọ ọ́, ó kàn ní ká má dárúkọ òun ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, ó yá mílíọ̀nù kan ààbọ̀ náírà lọ́dọ̀ ẹgbẹ́, ó fi kún èyí tó ti tọ́jú, ó sì ra jíìpù tòkunbọ̀ kan tó ní ẹ́ńjìnnì V8. Ọmọ mẹ́rin ló ní, ìyá rẹ̀ sì ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Ènìyàn méje ni wọ́n nínú ilé. Bí a bá ní kò nílò ọkọ̀ ńlá, irọ́ la pa.

Lọ́jọ́ tó gbé e wá sí ìpàdé, gbogbo wa la jáde síta. A bá a fọ ọkọ̀, a ta ọtí sí táyà, a ṣàdúrà, a kọrin, a ná an lówó. Àwa ìgbìmọ̀ yìí náà wà níbẹ̀. Kò sí ẹnì kan nínú wa tó béèrè pé, "Ẹgbẹ́ mi, epo mélòó ló ń jẹ?" Lítà epo kan nígbà yẹn, ₦165 ni. Táǹkì ọkọ̀ náà ń gba lítà 85. Pẹ̀lú ₦14,000 àti díẹ̀, táǹkì ti kún.

Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, lítà kan ti di ₦488 ní Èkó. Nígbà tí ọdún 2024 yóò fi parí, ó ti kọjá ₦1,000 ní ọ̀pọ̀ ilé epo. Táǹkì tó ń gba ₦14,000 wá ń gba ₦85,000. Owó iṣẹ́ arákùnrin wa kò fò bẹ́ẹ̀.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pa ìpàdé jẹ nìyẹn. Oṣù kan, oṣù méjì, oṣù mẹ́rin. Owó ẹ̀yáwó dúró sójú kan. A pè é lórí fóònù, kò gbé e. Àwọn kan nínú wa ti ń sọ pé ó jẹ owó ẹgbẹ́ sá lọ ni. Nígbà tí a rán ènìyàn mẹ́ta lọ sílé rẹ̀, wọ́n bá jíìpù lábẹ́ tapólì, ewé máńgòrò ti bò ó, táyà iwájú kan ti sọ̀kalẹ̀. Wọ́n bi í léèrè ìdí tí kò fi wá sí ìpàdé. Ó ní, "Báwo ni mo ṣe fẹ́ wọ dáńfó wá síbi tí ẹ ti bá mi fọ jíìpù?"

Ọ̀rọ̀ yẹn gún wa lọ́kàn. Ọkùnrin náà kì í ṣe olè. Ojú ló ń tì í. Àwa la sì bá a dá ìtìjú náà sílẹ̀, nítorí pé a pàtẹ́wọ́ fún rírà, a ò bá a ro ti bíbọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ra ẹṣin láyé àtijọ́, yóò kọ́kọ́ ro ibi tí koríko yóò ti máa wá. Iye tí wọ́n bá pe jíìpù ní ọjà, owó àkọ́san lásán ni. Láti ìgbà náà ni ìgbìmọ̀ wa ti jókòó pẹ̀lú arákùnrin wa yìí, pẹ̀lú mẹkáníìkì méjì àti rìwáyà kan, tí a sì ṣe ìṣirò ohun tí jíìpù ń jẹ lọ́dún. Èyí ni ohun tí a rí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí epo. Ọ̀pọ̀ jíìpù tòkunbọ̀ tí à ń rà, Amẹ́ríkà ló ti ń wá. Ìjọba Amẹ́ríkà máa ń gbé iye epo tí irú mọ́tò kọ̀ọ̀kan ń jẹ síta lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọdún sí ọdún, ẹ́ńjìnnì sí ẹ́ńjìnnì. Ẹni tó bá ní fóònù lè wò ó kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta mọ́tò. Iye máìlì tí gálọ́ọ̀nù kan lè gbé ọkọ̀ dé ni wọ́n máa ń kọ. Ẹ mú 235, kí ẹ fi iye máìlì náà pín in. Èyí tó bá jáde ni iye lítà tí ọkọ̀ náà yóò jẹ ní 100 kìlómítà. Bí wọ́n bá kọ 19, ìdáhùn jẹ́ lítà 12 àti díẹ̀.

A fi ọkọ̀ mẹ́ta tí gbogbo wa mọ̀ ṣe ìṣirò. Toyota Highlander ọdún 2010 tó ní ẹ́ńjìnnì kékeré, èyí tí a ń pè ní fọ́ọ̀ píloògì, ń jẹ nǹkan bí lítà 11 ní 100 kìlómítà. Highlander ọdún kan náà tó jẹ́ V6, tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà, ń jẹ nǹkan bí lítà 12 ààbọ̀. Lexus GX 470, tó jẹ́ V8, ń jẹ nǹkan bí 16. Ká ní ọkọ̀ rin 15,000 kìlómítà lọ́dún, ká sì ka lítà kan sí ₦1,000 kí ìṣirò lè rọrùn. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ ₦1,650,000. Ti èkejì jẹ́ ₦1,875,000. Ti V8 jẹ́ ₦2,400,000. Láàárín àkọ́kọ́ àti ìkẹta, ₦750,000 ló wà níbẹ̀ lọ́dọọdún. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ nílé ìwé, ẹ mọ ohun tí iye yẹn lè ṣe.

Ìṣirò yẹn kò sì mọ Afárá Ọ̀tẹ̀dọlá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì o. Ọkọ̀ tó dúró sójú kan nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, tí ẹ́ńjìnnì àti ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́, epo ló ń jẹ láìrìn. Bí ẹ́ńjìnnì bá sì ṣe tóbi tó ni ìjẹkújẹ rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó.

A ò sọ pé ẹ́ńjìnnì kékeré ló dára fún gbogbo ènìyàn. Bí ènìyàn méje bá wọ Highlander kékeré yẹn, tí wọ́n tún di ẹrù Iléyá sí ẹ̀yìn, yóò máa mí hẹlẹhẹlẹ bó bá fẹ́ kọjá tírélà lójú ọ̀nà márosẹ̀. Ẹni tí ìdílé rẹ̀ bá ń kún ọkọ̀ lójoojúmọ́, V6 ló yẹ ẹ́. Ẹni tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni ọkọ̀ rẹ̀ ń kún, ní Ojúde Ọba àti ní Kérésìmesì, kí ló fẹ́ fi V8 ṣe ní ọjọ́ tó kù nínú ọdún?

Ohun kejì ni sáfíìsì. Ọkọ̀ tó bá rin 15,000 kìlómítà lọ́dún, bí a bá ń pààrọ̀ òróró ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní gbogbo 5,000, ẹ̀ẹ̀mẹta nìyẹn. Fọ́ọ̀ píloògì ń lo píloògì mẹ́rin, V6 ń lo mẹ́fà, V8 ń lo mẹ́jọ. Nǹkan tí ẹ bá fẹ́ rà ní Ládípọ̀, ẹ kọ́kọ́ mọ iye tí ọkọ̀ yín ń lò.

Ẹ tún bi mẹkáníìkì yín bóyá bẹ́líìtì rọ́bà tàbí ṣéènì irin ló ń darí inú ẹ́ńjìnnì náà. Honda Pilot àti Lexus GX 470 ń lo bẹ́líìtì. Àwọn tó ṣe GX 470 ní kí wọ́n pààrọ̀ tirẹ̀ ní 90,000 máìlì. Ti Pilot wà ní àyíká 100,000. Highlander láti 2008 ń lo ṣéènì, kò ní irú ìnáwó yẹn. Bí bẹ́líìtì Pilot bá já lórí eré, irin inú ẹ́ńjìnnì yóò kọlu ara wọn, ẹ́ńjìnnì mìíràn lè di dandan. Ẹ wá wo iye máìlì tó wà lójú ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀: 98,000, 105,000, 120,000. Ìgbà tí olówó àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ náwó yẹn gan-an ló tà á. Bí kò bá sí ẹ̀rí pé wọ́n ti pààrọ̀ bẹ́líìtì, ẹ ka owó rẹ̀ mọ́ owó ọkọ̀.

Ṣéènì náà kò ní kí ẹ sùn o. Highlander V6 àwọn tó kọ́kọ́ jáde ní 2008 ní ọ́ọ̀sì òróró kan tí apá kan rẹ̀ jẹ́ rọ́bà. Bó bá bẹ́, òróró ẹ́ńjìnnì lè dànù láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Toyota fúnra wọn fi páìpù irin rọ́pò rẹ̀ nígbà tó yá. Ẹ ní kí mẹkáníìkì wò ó bóyá wọ́n ti ṣe ti èyí tí ẹ fẹ́ rà.

Ohun kẹta ni táyà àti ohun tó gbé ọkọ̀ dúró. Táyà jíìpù kì í ṣe ẹgbẹ́ táyà Corolla. Ríìmù 17 wà, ríìmù 19 náà wà, lára irú ọkọ̀ kan náà. Mọ́kàndínlógún ń dán lójú, ṣùgbọ́n táyà rẹ̀ wọ́n ju ti mẹ́tàdínlógún lọ, kò sì fẹ́ràn kòtò. Nọ́ńbà mẹ́rin kan wà lára táyà tó ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe é. Bí ẹ bá rí 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 nìyẹn. Táyà ń gbó bí kò tilẹ̀ rìn. Àwọn tó ń ta mọ́tò lè fi nǹkan dúdú kun táyà kó máa dán, wọn ò lè pa nọ́ńbà yẹn dà.

Jíìpù tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà ní ọ̀pá, gíà àti òróró tí èyí tí táyà iwájú nìkan ń fà kò ní. Ẹni tó bá ń lọ oko nígbà òjò, ó nílò rẹ̀. Ẹni tó jẹ́ pé Ìkẹjà sí Ìjẹ̀bú-Òde ni ìrìn àjò rẹ̀, kí ló ń sanwó ẹrẹ̀ tí kò ní wọ̀ fún? Bákan náà, àwọn jíìpù kan, bíi Mercedes GL àti ọ̀pọ̀ Range Rover, ń dúró lórí àpò afẹ́fẹ́ dípò sípíríìngì irin. Ó rọ̀ bí ìrọ̀rí. Ọjọ́ tó bá jò, ọkọ̀ yóò jókòó sílẹ̀ bí ràkúnmí, owó tí ẹ ó fi gbé e dìde kì í ṣe owó kékeré.

Ohun kẹrin ni ìwé. Láti oṣù kìíní ọdún 2023, ìnsọ́ránsì kékeré tí òfin fi dandan lé ti kúrò ní ₦5,000, ó ti di ₦15,000. Ti ńlá, èyí tó ń san án padà bí wọ́n bá jí ọkọ̀ tàbí tó bá jóná, àjọ tó ń ṣàkóso ìnsọ́ránsì ní kò gbọ́dọ̀ dín ní ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún iye ọkọ̀. Jíìpù mílíọ̀nù mẹ́wàá, ₦500,000 lọ́dún nìyẹn. Ẹ tún ranjú mọ́ ìwé Kọ́sítọ́ọ̀mù. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de kíkó mọ́tò gba ẹnu ibodè orí ilẹ̀ wọlé. Ọkọ̀ tó gba ọ̀nà ẹ̀bùrú wọlé lè dínwó lọ́jọ́ tí ẹ rà á, kó sì di ti ìjọba lọ́jọ́ tí wọ́n bá dá yín dúró.

Ohun ìkarùn-ún ni àrùn tí ọkọ̀ gbé wá láti òkè òkun. Nọ́ńbà 17 kan wà lábẹ́ gíláàsì iwájú, lọ́wọ́ òsì. Èkẹwàá nínú wọn ló ń sọ ọdún ọkọ̀: 8 ni 2008, 9 ni 2009, A ni 2010, B ni 2011. Bí ẹni tó ń tà á bá ní 2011 ni, tí ẹ bá rí 9 níbẹ̀, ẹ ti mọ irú ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ fi nọ́ńbà yẹn wá ìtàn ọkọ̀ náà, bóyá ó ti ní ìjàǹbá tàbí omi ti wọ̀ ọ́. Nígbà tí omíyalé ṣe Houston ní 2017, omi bo mọ́tò lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Ọkọ̀ tí omi ti mu, ìwé ìléwọ́ rìwáyà ni ẹ rà: iná kan yóò kú lónìí, òmíràn lọ́la.

Arábìnrin wa kan ṣe ohun tó tọ́ lọ́dún tó kọjá. Kó tó sanwó, ó mú mẹkáníìkì àti rìwáyà dání, ó san owó iṣẹ́ wọn. Àárọ̀ kùtùkùtù ló lọ, kó lè bá ẹ́ńjìnnì ní tútù, nítorí pé ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti mú gbóná sílẹ̀ kì í sọ òtítọ́. Wọ́n fi ẹ̀rọ yẹ kọ̀ǹpútà ọkọ̀ wò. Wọ́n fa ọ̀pá òróró gíà jáde, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, ó ń rùn bí ohun tó jóná. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, ó bá tirẹ̀ lọ. Owó iṣẹ́ tó san lọ́jọ́ náà kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó gíà. Jíìpù kẹta tó wò ló rà.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ arákùnrin wa. Nígbà tí a ṣe ìṣirò yìí tán pẹ̀lú rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí a bá òun wá ẹni tí yóò ra jíìpù náà. Ó tà á, ó fi lára owó náà ra Toyota Sienna, ó sì san lára gbèsè ẹgbẹ́. Sienna ọdún 2008 àti Highlander V6 ọdún 2008, irú ẹ́ńjìnnì kan náà ló wà nínú wọn. Ènìyàn méje wọ̀ ọ́, àyè ẹrù ṣì kù, ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ kò sì ní láti gun òkè kó tó wọlé. Ohun kan ṣoṣo tí Sienna kò ní ni ẹnu tí a fi ń pè é. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ gbé e wá sí ìpàdé, ọmọ ẹgbẹ́ kan ní, "Ìjẹ̀bú-Òde, ó ku ẹnì kan!" Alága gba owó ìtanràn lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹni náà san án, ó sì bẹ arákùnrin wa. Láti ọjọ́ yẹn, arákùnrin wa kò tíì pa ìpàdé kan jẹ.

Nítorí náà, àwa ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó gbé ohun mẹ́rin wá síwájú ẹgbẹ́, kí a lè dìbò lé wọn lórí ní ìpàdé gbogbogbòò tó ń bọ̀.

Àkọ́kọ́, ẹni tó bá fẹ́ yá owó ọkọ̀ yóò kọ ìṣirò ọdún kan wá: epo, sáfíìsì, táyà, ìnsọ́ránsì, ìwé. Ojú ewé kan ti tó. Bí a bá fi owó tó ń wọlé fún un wé e tí kò gbé e, a ó bá a wá ọkọ̀ tó mọ níwọ̀n. A ò ní lé e padà lásán.

Ìkejì, ìdá kan nínú mẹ́wàá owó tí a bá yá a yóò wà lọ́wọ́ akápò títí ọkọ̀ yóò fi dé, fún àtúnṣe àkọ́kọ́. Kò sí tòkunbọ̀ tí kì í béèrè nǹkan láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́.

Ìkẹta, ẹgbẹ́ yóò máa háyà bọ́ọ̀sì ńlá kan ní ọjọ́ Ojúde Ọba. Láti Ìkẹjà lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde àti àbọ̀ sún mọ́ 200 kìlómítà. Jíìpù V8 yóò jẹ lítà 32 níbẹ̀. Bí a bá para pọ̀ wọ bọ́ọ̀sì kan, kò sẹ́ni tí yóò ra ọkọ̀ ńlá nítorí ọjọ́ kan ṣoṣo nínú ọdún.

Ìkẹrin, èyí tó ká wa lára jù. A bẹ ẹgbẹ́ pé kí a má fọ ọkọ̀ fún ẹnikẹ́ni mọ́ lọ́jọ́ tó bá rà á. Ká gbàdúrà fún un, ó tó. Ọjọ́ tí ọkọ̀ náà bá pé ọdún kan, tó ṣì ń rìn, tí kò sẹ́ni tó jẹ ní gbèsè nítorí rẹ̀, tí owó ilé ìwé ọmọ sì ti san, ọjọ́ yẹn ni ká kó omi jáde, ká kọrin, ká ná an lówó. Ìgbà yẹn la ó mọ̀ pé ẹgbẹ́ wa ra ọkọ̀.

Ẹni tó bá sì jẹ́ pé dáńfó ló gbé e wá sí ìpàdé, kó wọlé, kó jókòó. Ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn tí a dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀, mélòó nínú wa ló ní ọkọ̀? Ẹsẹ̀ la fi ń rìn wá, a sì ń pé.

Ọlọ́run yóò jẹ́ ká ṣe ogún ọdún, yóò jẹ́ ká ṣe ọgbọ̀n. Kò ní jẹ́ kí a rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà.